Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹgbẹ́ ọmọ Òṣogbo tó wà ní New York: ẹ bá wa wá ẹlẹ́rìí Bàbá

Ẹ̀yin alága, akọ̀wé, akápò àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ Òròkí tí ẹ wà ní New York, mo kí yín. Ẹ kú àjò, ẹ kú òtútù, ẹ kú àárò ilé. Ilé wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Ọjà Ọba ń ná, oríta Ọlaiyà sì ń dí pa lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ bíi ti àtijọ́.

Ẹ ò mọ̀ mí. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo ní lágbègbè Òkè-Fìà, níbi tí a ti ń tẹ̀wé, tí a ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí a sì ń bá èèyàn kọ ìwé ìbúra tí wọ́n máa gbé lọ sí kóòtù. Ẹni tí sím rẹ̀ sọnù máa ń wá. Ẹni tó ń jẹ́ Ṣakirat nínú ìwé kan, tó ń jẹ́ Zakirah nínú òmíràn, máa ń wá. Ẹni tí kò níwèé ọjọ́ ìbí, tó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá búra sí ọjọ́ orí rẹ̀, máa ń wá. Ọdún 14 rè é tí mo ti ń jẹun nínú iṣẹ́ yìí. Mo máa ń mọ ìwé ìbúra tó máa dúró àti èyí tó máa ṣubú kí n tó kà á tán.

Lẹ́tà tí ẹ kọ fún Bàbá Amẹ́ríkà ti ṣubú. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín nìyẹn.

Ọmọ agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni Bàbá tí mò ń wí. Ẹ mọ̀ wọ́n dáadáa, torí wọn ò jẹ ẹgbẹ́ lówó títí wọ́n fi darí wálé. Gbogbo ọdún tí wọ́n lò lọ́hùn-ún, ọ́fíìsì ni wọ́n ń gbá lóru ní ìsàlẹ̀ Manhattan, nítòsí City Hall. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n kó ẹrù dé, wọ́n sì kó ikọ́ dé. A rò pé ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, ikọ́ ò lọ. Imú wọn ń dí, èémí wọn ń dún fée-fée, ìgbà tó yá ni dókítà wá dárúkọ jẹjẹrẹ. Ọmọ wọn obìnrin tó wà ní New Jersey ló gbọ́ nípa owó gbà-má-bínú tí ìjọba Amẹ́ríkà ń san fún àwọn tí eruku ilé gogoro World Trade Center, èyí tí wọ́n fi bàálù kọlù ní New York ní September 11, 2001, tó sì wó, sọ di aláìsàn, èyí tí wọ́n ń pè ní VCF. Ó mú bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn dókítà ètò ìlera tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ohun gbogbo ń lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀ àfi ibì kan: kí Bàbá mú ẹ̀rí wá pé àwọn wà níbẹ̀.

Ni wọ́n bá kàn sí yín. Ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́, orúkọ ẹgbẹ́ lókè, òǹtẹ̀ pupa nísàlẹ̀, èèyàn mẹ́ta sì buwọ́ lù ú. Èmi ni mo kà á sókè níwájú Bàbá. Ẹ ní ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ ní ọmọlúàbí ni wọ́n, ẹ ní wọn kì í pa ìpàdé jẹ, ẹ ní New York ni wọ́n ń gbé ní 2001, ẹ wá ní kí ẹni tó bá lè ràn wọ́n lọ́wọ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Lẹ́tà náà dùn létí. Ká ní ìyàwó ni Bàbá ń wá ni, ì bá tó.

Àmọ́ kò sẹ́ni tó bi yín bóyá ọmọlúàbí ni wọ́n. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé níbo gan-an ni ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀, láti ọjọ́ wo sí ọjọ́ wo, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ta ló sì fojú ara rẹ̀ rí wọn. Lẹ́tà yín ò dáhùn ìkankan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbébẹ̀ ló yẹ kí ẹ máa ṣàlàyé èyí fún mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n wí i. Kéèyàn kàn sọ pé òun wà ní New York, kò tó. Òfin fa ìlà kan. Etí odò Hudson ló ti bẹ̀rẹ̀, ó bá Canal Street lọ títí ó fi kan East Broadway, ó gba East Broadway gòkè dé Clinton Street, ó wá gba Clinton já sí East River. Ìsàlẹ̀ ìlà yẹn ni wọ́n ń kà. Wọ́n tún ka àwọn ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwókù náà, àtàwọn ọkọ̀ ojú omi tó gbé e, àti àkìtàn Fresh Kills ní Staten Island tí wọ́n lọ dà á sí. Pentagon àti Shanksville ní Pennsylvania, níbi tí àwọn bàálù yòókù já sí lọ́jọ́ náà, ní tiwọn lọ́tọ̀. Nítorí náà, ọmọ Áfíríkà tó ń ta báàgì àti aago lápá ìsàlẹ̀ Canal Street wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń gbé Bronx, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Bronx, kò sí níbẹ̀.

Mo dárúkọ Bronx torí pé ẹnì kan ti wá bá mi nítorí rẹ̀. Alàgbà kan ni, wọ́n wọ agbádá, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ ìwé ìbúra pé eruku náà kan àwọn. Mo béèrè ibi tí wọ́n wà. Wọ́n ní nítòsí pápá ìṣeré Yankee. Mo ní, “Bàbá, ibẹ̀ jìnnà o.” Wọ́n ní, “Ṣebí New York náà ni? Ṣé afẹ́fẹ́ ò ń fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa ni?” Mo fún wọn ní omi tútù, mi ò tẹ ìwé kankan. Ìbúra ni wọ́n ń bú sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì wà fún ẹni tó bá búra èké lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà. Àti pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kan péré ló máa jẹ́ kí wọ́n máa fura sí gbogbo ìwé tó bá ti Òṣogbo dé.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Bàbá fúnra wọn rò pé ọ̀rọ̀ náà ò kan àwọn, torí wọn ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Iṣẹ́ òru ni tiwọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, September 11, 2001, wọ́n ti dé ilé wọn ní Brooklyn, wọ́n ti sùn lọ, fóònù ló jí wọn. Bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, pé àwọn ń sùn nígbà tí èèyàn 2,753 ń kú. Òfin ò bi wọ́n ní ìyẹn. Láti September 11, 2001 títí di May 30, 2002 ni wọ́n ń kà. Lọ́sẹ̀ tí ọjà ìpín ìdókòwò ní Wall Street ṣí padà, ìyẹn ọ̀sẹ̀ September 17, ni ọ̀gá Bàbá pè wọ́n pé kí wọ́n máa bọ̀. Kò sí gbígbá níbẹ̀ nígbà náà, eruku ni wọ́n ń nù, pẹ̀lú àkísà tútù. Wọn ò fún wọn ní ohun tí wọ́n máa fi bo imú. Títí wọ December ni iná ṣì ń jó lábẹ́ àwókù náà, tí èéfín ń gba ojú fèrèsé wọlé. Oṣù mẹ́rin gbáko ni Bàbá fi nu eruku.

Ẹ lè ní ṣé kò sí ìwé iṣẹ́ ni. Kò sí. Agbaṣẹ́ṣe kan ló gbà wọ́n, owó ọwọ́ ló sì ń san fún wọn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, nínú àpòòwé. Iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe náà ti wó láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Báǹkì kì í tọ́jú ìwé títí láé, nǹkan bí ọdún 7 ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Àjọ owó orí wọn lè yọ ìwé owó tí èèyàn gbà láàárín ọdún 10 sẹ́yìn, 2001 sì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn Social Security, tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì lọ́hùn-ún, nìkan ni àkọsílẹ̀ tiwọn ń lọ sẹ́yìn dáadáa, tí wọ́n sì ń kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí i, nítorí náà kí ẹni tí wọ́n ń yọ owó orí rẹ̀ lọ béèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó lọ sí BMCC, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Chambers Street, lè gba ìwé èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ọdún náà, inú ìlà yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà. Ẹni tó háyà ilé níbẹ̀ kó wá ìwé ilé, ìwé iná, lẹ́tà ilé ìwòsàn, ohunkóhun tí àdírẹ́sì àti ọjọ́ bá wà lórí rẹ̀. Ìwé tó ti wà láyé látìgbà náà ló ń lágbára jù. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ń fún lówó nínú àpòòwé, èèyàn ni ìwé rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan èmi gan-an rè é.

Lọ́dún 2001, ọmọ ọdún 11 ni mí, èmi ni mo sì ń ka lẹ́tà fún ìyá Bàbá. Aláró ni Ìyá. Ọwọ́ wọn dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, kò sí ọṣẹ tó lè bọ́ ọ. Bí lẹ́tà bá ti Amẹ́ríkà dé, wọ́n á pariwo orúkọ mi láti ìdí ìkòkò aró, wọ́n á nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ìró kí wọ́n tó gbà á, wọ́n á wá jókòó sórí àpótí, wọ́n á ní, “Kà á díẹ̀díẹ̀.” Lẹ́yìn tí mo bá kà á tán, mo gbọ́dọ̀ tún un kà.

Nígbà tí lẹ́tà yín ṣubú, Bàbá ní àpótí Ìyá ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn. A lọ ṣí i. Òórùn káńfọ̀ gba ilé kan. Lábẹ́ aṣọ òfì, lẹ́tà 9 ló wà níbẹ̀, okùn ni wọ́n fi dì wọ́n. Ìkẹta tí mo ṣí ni mo dá mọ̀ kí n tó kà á, torí mo rántí èlùbọ́ inú rẹ̀. November 4, 2001 ni Bàbá kọ sókè rẹ̀. Wọ́n ní: “Ìyá mi, iṣẹ́ eruku la ń ṣe báyìí. Gbogbo tábìlì àwọn òyìnbó dà bí ẹni pé wọ́n ku èlùbọ́ sí i. Bí a bá nù ún lóru òní, yóò tún wà níbẹ̀ lóru ọ̀la. Èmi àti ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ la jọ wà ní àjà kẹfà, òun náà ní kí n kí yín.” Létí ìwé náà, lápá òsì, àtàǹpàkò Ìyá wà níbẹ̀ ní àwọ̀ aró, ó mọ́ kedere débi pé èèyàn lè ka ìlà ìka náà. Bàbá gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́.

Inú mi dùn títí mo fi yí àpòòwé rẹ̀ padà. Igun ọ̀tún lókè ti ya. Èmi ni mo ya á. Nígbà yẹn mò ń kó sítáńpù jọ, tìtara-tìtara sì ni mo fi ya ti Amẹ́ríkà yẹn torí àsíá ló wà lórí rẹ̀. Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ bá a lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù ò ju ìlàjì òbìrí kan lọ, N àti Y nìkan ló ṣeé kà nínú rẹ̀, kò sí ọjọ́, kò sí ọdún. Ìwé tí mo lẹ àwọn sítáńpù náà mọ́ ńkọ́? Ìyá mi ti kó o fún ìyá alákàrà, ó ti fi di àkàrà tà fún ará Ìgbóná lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Mo ti sọ fún Bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má dààmú ara mi. Mò ń dààmú ara mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí. Lẹ́tà wà, ṣùgbọ́n Bàbá fúnra wọn ló kọ ọjọ́ sí i, àdírẹ́sì ẹ̀yìn àpòòwé sì jẹ́ ti ilé ní Brooklyn. Kì í ṣe ìwé tó lè dá dúró. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò ń wo gbogbo nǹkan pọ̀ ni, bí ẹ̀rí kan bá ti ń gbe èkejì lẹ́yìn, ó máa dúró. Ẹni tó lè gbe lẹ́tà yìí lẹ́yìn ni ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ. Bàbá ní ó ṣì wà láyé, pé ọmọ ẹgbẹ́ yín ni, pé nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ àwọn ni kò lọ mọ́. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbi tí gbogbo ayé á ti kà á, ẹ mọ ẹni tí mò ń wí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá a.

Bí ẹ bá rí i, ẹ má jẹ́ kí ó kọ irú lẹ́tà tí ẹ kọ. Kí ó sọ bí òun àti Bàbá ṣe mọra àti ọdún tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Kí ó dárúkọ ilé náà, kí ó dárúkọ títì rẹ̀, kí ó sọ pé àjà kẹfà ni. Kí ó sọ ìgbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ àti ìgbà tó parí, iye alẹ́ tí wọ́n ń lọ lọ́sẹ̀, aago tí wọ́n ń wọlé àti aago tí wọ́n ń jáde. Kí ó sọ ohun tó fojú rí: eruku, àkísà, bóyá wọ́n bo imú tàbí wọn ò bò ó. Bí ó bá rántí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n jọ ń wọ̀, kí ó kọ ọ́. Bí kò bá rántí ọjọ́ kan pàtó, kí ó kọ oṣù, kí ó má ṣe dá ọjọ́ sílẹ̀ látinú ara rẹ̀. Kí ó wá buwọ́ lù ú lábẹ́ ìbúra. Ojú ìwé kan àtààbọ̀ tó bá rí báyìí níye lórí ju òǹtẹ̀ pupa mẹ́wàá lọ.

Ẹ̀yin náà kò wà lọ́wọ́ òfo. Bàbá ní akọ̀wé yín nígbà náà máa ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀, pé ìwé ńlá elẹ́yìn aláwọ̀ ewé ló ń lò. Lóòótọ́, Brooklyn lẹ ti ń ṣèpàdé, ìwé náà ò lè sọ pé ẹnikẹ́ni wà ní ìsàlẹ̀ Manhattan. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dìde nípàdé October 2001 tó ní òun ò lè dúró pẹ́ torí wọ́n ti pe òun síbi tí wọ́n ti ń nu eruku, tí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀rí nìyẹn, ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó yóò dé ló sì kọ ọ́. Ẹ ṣí ìwé náà. Ẹ wo ẹ̀yìn fọ́tò àtijọ́ yín, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ọjọ́ ní igun. Ẹ wo kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa ń gbohùn sí ránṣẹ́ sílé, ó ṣeé ṣe kí èèyàn yín nílé ṣì ní tiwọn lábẹ́ ibùsùn. Kì í ṣe Bàbá nìkan ni ọmọ Òṣogbo tó nu eruku.

Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn kan nínú yín. Àwọn kan ò níwèé ìgbélùú nígbà náà, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ọ̀rọ̀ náà hú jáde. Òfin owó yìí ò ní dandan ni kéèyàn jẹ́ ọmọ onílùú Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fi orúkọ ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ju tèmi lọ, lọ́yà ni kó lọ bá. Lórí ọ̀rọ̀ lọ́yà, òfin ti fi gbèdéke sí i, kò gbọ́dọ̀ gbà ju dọ́là 10 nínú 100 lọ. Ẹni tó bá ń pè yín láti Ìbàdàn tàbí láti Houston pé kí ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù, ẹ pa fóònù mọ́ ọn lójú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan ti gba owó lọ́wọ́ opó kan ládùúgbò wa, kò sì gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Àwọn míì ní ó ti pẹ́ jù. Kò pẹ́. Wọ́n pa àpò owó ti àkọ́kọ́ dé ní 2004, wọ́n tún un ṣí lábẹ́ òfin tí wọ́n fi orúkọ ọlọ́pàá James Zadroga sọ, èyí tí Obama buwọ́ lù ní January 2011. Ní July 2019 wọ́n wá sún un dé October 2090. Ohun tó ń tètè tán ni ọdún 2 tí wọ́n fúnni láti forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ètò ìlera bá ti fọwọ́ sí i pé eruku náà ló fa àìsàn. Ìwé náà lè dúró de 2090. Ẹlẹ́rìí ò lè dúró dè é. Ẹni kẹta tó wà ní àjà kẹfà pẹ̀lú wọn, ọmọ Ìkìrun, ti kú sí Bronx kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

Ẹ má bi mí ní iye owó tó máa kan Bàbá, mi ò mọ̀, mi ò sì bèèrè. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé owó ìrora ẹni tó ní jẹjẹrẹ kì í sábà ju dọ́là 250,000 lọ, ti ẹni tí kò ní jẹjẹrẹ kì í sábà ju 90,000 lọ, wọ́n á wá ṣírò owó iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀. Bàbá ní bí ó bá ṣeé ṣe, àwọn fẹ́ fi san gbèsè oògùn, kí àwọn sì tún òrùlé ilé Ìyá ṣe. Òjò ń jò sí yàrá tí àpótí wà.

Mo ti gbé lẹ́tà November náà kúrò níbẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀ mi ni ó wà báyìí, nínú ọ̀rá, òun àti àpòòwé rẹ̀ tó ya. Mo ti ya fọ́tò tojú-tẹ̀yìn rẹ̀, mo ti fi ránṣẹ́ sí ọmọ Bàbá. Mo sì ti tẹ orí ìwé ìbúra ẹlẹ́rìí sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà: orúkọ Bàbá wà níbẹ̀, àjà kẹfà wà níbẹ̀. Àyè tí orúkọ ẹlẹ́rìí máa wà ṣì ṣófo. Bàbá máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ọjọ́ Ajé tí wọ́n bá ti ilé ìwòsàn dé, wọ́n á ní, “Ṣé wọ́n ti rí i?”